Ìlú Tí Kò Sí Lábẹ́ Òkun

Bàbá Onísinimá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Òmùwẹ̀ ni ní èbúté. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti lọ ha ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn.

“Bàbá mi, kí lẹ rí lónìí?” ni ọmọbìnrin rẹ̀ bi í. Ojoojúmọ́ ló ń bi í.

“Ìdí ọkọ̀,” ni bàbá fèsì. “Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, kí ló tún fẹ́ rí bí kò ṣe ìdí?”

Ìyá tó ń ránṣọ nínú yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń retí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, Onísinimá sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí fíìmù nípa ìlú tó rì sábẹ́ òkun tí kò tíì wò, kò sì sí ìwé ìtàn irú rẹ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò kà tán. Ó mọ ìlú onílé wúrà tí ìgbì bò mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó mọ èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń mí bí ẹja. Bí o bá jí i lójú oorun, yóò kà wọ́n fún ọ ní ení, èjì.

“Ó dáa, ó ku ohun kan,” ni bàbá tún sọ. “Wọ́n ní kí n lọ wá ṣéènì kan tó já bọ́ lẹ́yìn ògiri òkúta tí wọ́n fi ń dá ìgbì dúró. Mo rí ògiri ilé níbẹ̀, tòun ti fèrèsé àti àtẹ̀gùn. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni. Àwọn àgbà èbúté ní òkun ti gbé e mì kí wọ́n tó bí mi.”

“Fèrèsé? Àtẹ̀gùn? Lábẹ́ omi?”

“Ilé ìkẹ́rùsí ni mo pè é o.” Bàbá na ìka sí i. “Òrùlé rẹ̀ ti jìn, àwọn òpó rẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó. Ibẹ̀ ò ṣeé sún mọ́.”

Etí ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó wù ú nìkan ni ọkàn rẹ̀ mú.

Ó ti pẹ́ tí Onísinimá ti ń gbé fídíò kéékèèké sórí ẹ̀rọ ayélujára, tó ń sọ ìtàn àwọn ìlú abẹ́ òkun rẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló ń wò ó, ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó mú fóònù rẹ̀ lọ sí etí omi, ó gun orí òkúta kan, ó sì yí fóònù síhà ibi tí omi ti dúdú.

“Lábẹ́ omi yìí gan-an,” ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “ìlú kan wà. Bàbá mi tó jẹ́ òmùwẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí ògiri rẹ̀. Ó rí fèrèsé. Ó rí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.”

Kò dárúkọ ilé ìkẹ́rùsí.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wo fídíò náà. Nígbà tó wọ kíláàsì, wọ́n dìde fún un bí ẹni pé ọ̀gá ilé ìwé ló wọlé. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń bá a gbé báàgì. Ọmọbìnrin kan tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá jókòó tì í, ó ní, “Apá kejì ńkọ́? Má jẹ́ kó pẹ́ o.” Orí Onísinimá wú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo kíláàsì máa dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìtàn dá a dúró lẹ́yìn iṣẹ́.

“Mo wo fídíò rẹ. Èmi náà fẹ́ràn àròsọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ àròsọ yẹ kó jẹ́wọ́ pé àròsọ ni. Ṣé òótọ́ lohun tó o sọ?”

“Ó... ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́, sà.”

“Òótọ́ kì í ku díẹ̀,” ni olùkọ́ wí. “Yọ ọ́ kúrò. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé rẹ ni kó o gbájú mọ́.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Kò yọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ti jọ ń jókòó láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nítorí pé ara rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá. Ní gbogbo ilé ìwé, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó o. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ ojú omi akérò tí ìyá rẹ̀ wọ̀ dojú dé. Wọ́n rí òkú àwọn yòókù. Wọn ò rí ti ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín. Kì í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a sílẹ̀, yóò dìde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀ láti ilé ìwé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ.

“Àwọn ará ìlú yẹn ńkọ́?”

“Àwọn wo?”

“Ìlú inú fídíò rẹ. Ṣé èèyàn wà níbẹ̀? Bíi ti fíìmù tá a jọ wò níjọ́sí, tí àwọn tó rì ò kú, tí wọ́n kàn ń gbé nísàlẹ̀ níbẹ̀?”

Onísinimá wo ojú rẹ̀. Ó yé e, kì í ṣe pé kò yé e. Ó mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń béèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ: ilé ìkẹ́rùsí ni, ọ̀rẹ́ mi, ilé tó wó lásán ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan láti kíláàsì wọn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ti na etí. Bó bá sọ ọ́, kílẹ̀ tó mọ́ yóò ti di ẹni ẹ̀sín.

“Ta ló mọ̀?” ó ní. “Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tiẹ̀ ní òun rí ìmọ́lẹ̀ nínú fèrèsé kan.”

Bàbá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sójú ọ̀nà. “Ìmọ́lẹ̀?”

“Ìmọ́lẹ̀.”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí Onísinimá kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ọdún méjì. Oore ni Onísinimá rò pé òun ṣe é.

Lọ́jọ́bọ̀, àyè Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣófo ní kíláàsì. Ní ìgbà ìsinmi ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀: ẹ̀ṣọ́ èbúté rí bàtà àti aṣọ ilé ìwé tí ẹnì kan ká jọ dáadáa sórí òkúta, báàgì ìwé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà nínú omi.

Onísinimá sáré. Kò mọ ìgbà tó kọjá géètì ilé ìwé, kò mọ ẹni tó ń pè é. Nígbà tó dé etí omi, èrò ti kún ibẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀. Òun náà ni wọ́n rán. Ta ni wọn ì bá tún rán?

Ó jáde lẹ́ẹ̀kan, ó mí, ó mi orí. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

“Ojú fèrèsé ló gbà wọlé,” ó ń sọ fún ẹ̀ṣọ́, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. “Àyè ibẹ̀ ò gba àgbàlagbà. Igi òrùlé ló já, ó dí i mọ́ inú. Láti ojú fèrèsé ni mo ti nawọ́ ti igi náà, kí n tó lè fà á jáde.” Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bó ṣe rí fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn.

Ọmọ náà so nǹkan kan mọ́ ìbàdí. Ẹ̀ṣọ́ tú u. Awò ojú ni, tó wà nínú ike tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé yípo kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ti ìyá rẹ̀ ni. Ilé ni ìyá náà gbàgbé rẹ̀ sí lọ́jọ́ tó lọ wọ ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń mú un lọ fún un.

“Kí ni ọmọ yìí ń wá nínú ilé yẹn?” ni bàbá bi gbogbo èrò. “Ta ló sọ fún un pé ilé kan tiẹ̀ wà níbẹ̀?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáhùn, ẹkún ń bá ohùn rẹ̀ jà. “Ìlú ló ń wá, sà. Ìlú tẹ́ ẹ rí.”

“Èmi? Ìlú wo?”

Ọmọ náà ṣí fóònù rẹ̀, ó nà án sí i. Bàbá fi ọwọ́ tútù gbà á. Ó gbọ́ ohùn ọmọ ara rẹ̀, ó wò ó tán pátá, ó sì dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onísinimá bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Kò bú u. Kò lù ú. Onísinimá gbàdúrà lọ́kàn pé kó lu òun.

Bàbá kò tún lè wọ omi mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbìyànjú, bí omi bá ti bo ojú rẹ̀ ni yóò jáde, tí yóò máa gbọ̀n. Ẹnu géètì ni wọ́n fi í sí, ó ń ṣí i fún ọkọ̀ ẹrù. Nínú ilé, bó bá fẹ́ bá Onísinimá sọ̀rọ̀, ìyá ló máa ń rán.

Ìdánwò dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Onísinimá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, ó sì jókòó ti ìwé náà títí wọ́n fi gbà á. Kò kọ nǹkan mìíràn. Ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ lọ. Ó ti yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n asán ni. Àwọn tí kò mọ̀ rí ti dà á kọ, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn kan fi ikú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kún un, wọ́n ní ìlú náà ló pè é. Ẹnì kan kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìtàn yìí dùn gan-an. Ẹ ṣe apá kejì.”

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ilẹ̀ yàrá náà tutù nítorí ilé iṣẹ́ yìnyín tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ń kùn láìdúró. Ìyá arúgbó náà jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó di pé wọ́n kí i tán, ó di ọwọ́ Onísinimá mú.

“Ìwọ lọ̀rẹ́ rẹ̀, o ò ní tàn mí. Wọ́n ní ìlú wà lábẹ́ omi yẹn. Ṣé ó wà? Ṣé ó ṣeé ṣe kí ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ ti rí ara wọn níbẹ̀?”

Onísinimá wo ìyá rẹ̀. Ó rí i lójú ìyá rẹ̀ pé ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, arúgbó yóò sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

“Kò sí ìlú kankan níbẹ̀, ìyá àgbà,” ó ní. “Ilé ìkẹ́rùsí tó wó ni. Irọ́ ni mo pa.”

Ẹ̀rọ ń kùn. Ìyá àgbà jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“O mọ̀ nígbà náà?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ó bi ọ́?”

“Ó bi mí, mà.”

Ìyá àgbà dìde. Ó fi ọwọ́ ti ògiri rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì dúró tì í títí wọ́n fi jáde. Wọn ò gbọ́ èpè, wọn ò gbọ́ ìdáríjì.

Ìtàn ìlú abẹ́ òkun kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹni tó bá mọ̀ pé àròsọ ni lè wò ó, kó gbádùn rẹ̀, kó sì pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ ni irọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ìrètí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣeré, ẹ má sì ṣe fi òtítọ́ pamọ́ nítorí àtẹ́wọ́ èrò. Onísinimá sọ òtítọ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò jí ẹnikẹ́ni dìde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti nílò rẹ̀, lójú ọ̀nà ilé ìwé, nígbà tí ẹni tó béèrè ṣì wà láàyè.