Igi Ìdí Táyà

Ní ìgbà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ọkọ mi ṣì wà láyé. Mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé wa náà ṣì wà, òun tí a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i. Ọmọbìnrin mi nìkan ló ti kú. Ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa, ọmọbìnrin náà ni, tí ọkọ mi ń pè ní Ìyá mi nítorí pé ó fojú jọ ìyá tó bí ọkọ mi.

Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi. Ó ní píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó pákó àti àga kiri, àmọ́ kí n má purọ́, ìdajì ọkọ̀ náà irin ni, ìdajì yòókù igi. Nígbà tí ìpẹtà jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, pákó ló fi kàn án yíká. Nígbà tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fọ́, ó yọ èyí tí mo fi ń wojú nínú yàrá, ó gé e, ó gbẹ́ férémù fún un, ó kàn án mọ́ ibẹ̀. Mo ní, "Kí ni mo wá fẹ́ máa fi wojú báyìí?"

Ó ní, "Ojú rẹ ò tíì yí padà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Kí lo tún ń wò?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kì í ṣí láti inú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kó tó lè ṣí i láti ìta. Mẹkáníìkì ní ọkọ̀ náà ń gba àlejò, àmọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n lọ.

Bíréèkì ọwọ́ ló wá bà jẹ́ kẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, okùn rẹ̀ ló já. Ẹ jẹ́ n wá òmíràn fi sí i."

"Igi ló gbé òrùlé orí rẹ yẹn dúró," ni ọkọ mi wí. "Ṣé píkọ́ọ̀pù ni kò ní lè dá dúró?"

"Bàbá, òrùlé ò ní táyà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi gbẹ́ igi líle kan, ó fá iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí imú bàtà, ó so okùn mọ́ ọn fún ìdìmú. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ-ọmọ wa yìí ni yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ti igi náà bọ ìdí táyà ẹ̀yìn, yóò sì ké pé, "Ó ti wọlé, Bàbá." Ìgbà yẹn ni Bàbá tó ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, iṣẹ́ yìí dùn mọ́ ọn. Á máa bá táyà wí pé kó dúró jẹ́ẹ́, kó má ṣe oríkunkun.

Àmọ́ ọmọ dàgbà, ó dé kíláàsì àṣekágbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Onígi. Èyí tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Sísí. Tí àga kan bá ń mì nínú kíláàsì, Sísí á ní, "Onígi, jọ̀ọ́, wá fi igi há eléyìí, ó fẹ́ sá lọ." Ọmọ wa á bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á délé wá sunkún. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín kì í bá ọ sunkún. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní kí Bàbá máa já òun sílẹ̀ ní kọ́nà, kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwé. Bàbá wò ó, kò bi í léèrè ohunkóhun, ó sì ń já a sílẹ̀ ní kọ́nà.

Ìdánwò àṣekágbá kù díẹ̀ nígbà tí ilé ìwé kó àwọn àga tó ti yẹ̀ fún ọkọ mi láti tún ṣe. Ní àárọ̀ tó fẹ́ dá wọn padà, ọmọ wa ló bá a lọ, kò sì ṣeé ṣe kó sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà lọ́jọ́ náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni iwájú ilé ìwé. Sísí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ìyá mi, fi há a," ni Bàbá wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Sísí ti rí i. "Onígi dé o. Ẹ sún, ẹ jẹ́ kó ríbi tẹ́ igi tó fi ṣe ọmọ sí."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọmọ wa fi igi náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, nídìí àga tó ti dìde. Ó ní, "Ó ti wọlé, Bàbá," ó sì gba ẹnu géètì wọlé bí ẹni tí kò bá ọkọ̀ kankan wá.

Bàbá fi ọkọ̀ sí jíà, ó bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga sọ̀ kalẹ̀. Bó ti ń fà wọ́n ni ọkọ̀ ń mì, jíà tó ti gbó sì yọ. Ọkọ̀ yí wá sẹ́yìn, ó fún un mọ́ òpó géètì.

Ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Nígbà tí wọ́n bi í ní ilé ìwòsàn, ó ní, "Igi ló yọ̀." Àmọ́ mẹkáníìkì tó lọ gbé ọkọ̀ bá igi náà nínú ọkọ̀ níbẹ̀, ó sì wá sọ fún un lójú mi. Bó ti jáde, ọkọ mi ní, "Má bi ọmọ náà ní nǹkan kan o. Ó ń bọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ bíréèkì lé ọmọdé lọ́wọ́."

Wọ́n dá a padà sílé, ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́. Sísí ò wá kí wa, kò sí ìkankan nínú wọn tó wá. Ọmọ wa ló ń bu omi fún un, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Á ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, á tún pa á dé.

"Ìyá mi, kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ó dáa. Mo wà ńbí."

Ara Bàbá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti pinnu láti sọ ọ́ bí ìdánwò bá ti parí, kí ọkàn òun lè balẹ̀ kọ ọ́.

Ọjọ́ tí ìdánwò parí, mò ń fún aṣọ tí mo fẹ́ fi nù ún lójú nígbà tó mí èémí kan, tí mo ń retí òmíràn, tí kò mí mọ́. Ọmọ wa sáré wọlé, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú mi rárá. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá, mi ò fi igi sí i. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò fi sí i." Ó sọ ọ́ títí tó fi rí i pé Bàbá ò dáhùn.

Mo ní, "Ó mọ̀, ọmọ mi. Ó ti mọ̀ tipẹ́, ó sì ti dárí jì ọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi, Màmá?"

"Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi iṣẹ́ ilé yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ẹ ṣe iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má dá ọjọ́ fún òtítọ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́.

Ọmọ wa sọ tirẹ̀ látòkèdélẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sọ nípa Sísí, ó sọ nípa ẹ̀rín, ó sọ nípa kọ́nà, ó di ọwọ́ Bàbá mú títí ọwọ́ náà fi tutù.