Ọ̀kan Ní Orúkọ, Ọ̀kan Ní Ojú

"Ibo ni wọ́n máa gbà wọ ọkọ̀ yìí?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Adéfúnmiláyọ̀ bá Olúyínká sọ nìyẹn.

Ilé ìtẹ̀wé bàbá Adéfúnmiláyọ̀ ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n wà, ní ọdún 1973, nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgboro. Olúyínká, tí kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì, gbé ìtàn kan wá, nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó wa ọkọ̀ gba ojú sánmà lọ sí ayé mìíràn. Ó ti fi bírò ya ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

"Kí ló ṣe é?" ni ó béèrè.

"Kò ní ilẹ̀kùn. Àfi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé bí olè."

Olúyínká bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ̀yin ẹ yà á ká wò ó."

Fúnmiláyọ̀ fa pẹ́ńsù. Ọkọ̀ kan jáde lórí ìwé náà, ó ká ìyẹ́ kò bí àwòdì tó fẹ́ já lu òròmọdìẹ. Bí ọkọ̀ ṣe gba orúkọ Àwòdì nìyẹn. Olúyínká sọ ọ̀gá inú rẹ̀ ní Ọlálérè, Fúnmiláyọ̀ sì kọ àbàjà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ojú sánmà ló ń lọ o, kì í ṣe Ọ̀yọ́."

"Tó bá débẹ̀, kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́."

Bàbá Àjàmú, bàbá Fúnmiláyọ̀, tẹ ìwé náà jáde. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, kò sí ògiri ní Òkòtà tí àwọn ọmọdé kò fi èédú ya Àwòdì sí. "Ẹ" ti di "o" láàárín àwọn méjèèjì nígbà náà.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ayọ̀ mi," ni Olúyínká sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mo ti mọ̀. O máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ ibi tó ṣòro yà, kí o lè rí ìdí jókòó tì mí."

Inú wọn dùn púpọ̀ lásìkò yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Àjàmú sùn tí kò jí.

Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀. Bàbá Abórìṣàdé, àbúrò olóògbé, ló pe ẹbí jọ.

"A ò ní pín in ní orí-ò-jorí," ni ó wí. "Ìdí igi la máa fi pín in. Ìyá Felix àti ọmọ rẹ̀, ìdí igi kan. Ìyá Fúnmi àti ọmọ rẹ̀, ìdí igi kan."

Ilé kò ṣòro pín, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ wá kan Àwòdì, ariwo sì sọ. Felix ní òun ni àkọ́bí. Ìyá Fúnmi ní ọmọ òun ló yà á. Wọ́n pariwo títí ohùn Bàbá Abórìṣàdé fi há.

"Ó tó! Felix, ìtàn àti orúkọ ni tìrẹ. Ìyá Fúnmi, àwòrán ni tiyín: ọkọ̀, ojú, aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ti ẹnìkejì."

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Olúyínká náà bọ́ sínú ìpín. Ó ti bá olóògbé ṣe àdéhùn pé ohunkóhun tí òun bá kọ, ti ìtàn náà ni, nítorí náà ó bá ìtàn lọ sọ́dọ̀ Felix bí ìgbà tí wọ́n gbé àga.

Ohun tó tẹ̀lé e kò dára lójú. Felix gba ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Táòfíkì. Àwòdì tirẹ̀ rí roboto bí igbá, torí ìyẹ́ kò sí nínú ìpín wọn. Ọlálérè tirẹ̀ sì kọ pélé. Ìyá Fúnmi ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tirẹ̀ sí Òkòtà, Fúnmiláyọ̀ sì ń yàwòrán níbẹ̀. Ọkọ̀ ibẹ̀ ká ìyẹ́ kò bíi ti tẹ́lẹ̀, àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọn kò lè pe ọkọ̀ náà lórúkọ. "Ẹyẹ" lásán ni wọ́n ń pè é.

Àìná tó ń ta ìwé lẹ́bàá réluwéè ní Òṣòdì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá, èwo lẹ fẹ́? Ọ̀kan ní orúkọ, kò ní ojú. Ọ̀kan ní ojú, kò ní orúkọ."

"Ọlálérè gidi ńkọ́?"

"Wọ́n ti sin ín mọ́ Bàbá Àjàmú."

Olúyínká lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Fúnmi.

"Màmá, Fúnmiláyọ̀ ni mo wá tọrọ."

"Ta lò ń bá ṣiṣẹ́?"

"Bọ̀dá Felix, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Tí ọmọ mi bá dé ilé rẹ, àwòrán á bá a dé ibẹ̀. Felix ló sì ni ìwọ. Ohun tí wọn ò rí gbà níbi ìpín, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fẹ́ ti gbà á?"

"Màmá, mo lè fọwọ́ sí i pé mi ò ní..."

"Ọwọ́ wo? Ti Felix nìyẹn. Dìde ńlẹ̀."

Felix ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Fẹ́ ẹ kíá! Ohun tó bá yà nílé rẹ, tiwa ni."

"Ìyàwó ni mò ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ọkọ̀."

"Ṣé wọ́n ṣeé yà sọ́tọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Olúyínká jẹun. Ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ojútùú àdììtú. Ó wá rò ó pé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun pátápátá. Ó kọ ìtàn àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun. Fúnmiláyọ̀ yà á. Wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Abórìṣàdé, ó sì pe ìdí igi méjèèjì.

"Ìyẹ́ Àwòdì nìyí," ni Ìyá Fúnmi wí. "Ẹ wo bó ṣe tẹ̀!"

"Bí Ọlálérè ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí," ni Felix wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu wọn kò.

Fúnmiláyọ̀ padà sílé, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ìlà náà tún tẹ̀ bákan náà. Ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Yínká, ọwọ́ mi wà nínú ìpín."

"Ọwọ́ rẹ kọ́, Ayọ̀ mi."

"Ọwọ́ mi ni. Tí mo bá fa ìlà, ti Màmá ni. Tí o bá sọ̀rọ̀, ti Felix ni. Èwo ló kù tí a fẹ́ fi fẹ́ra?"

"Ká fi sílẹ̀. Mi ò ní kọ mọ́, ìwọ náà má yà mọ́."

"Kí Màmá wá máa jẹ kí ni? Èmi nìkan ni ìdí igi rẹ̀. Àti pé mo mọ̀ ọ́. Wàá máa wò mí bí ẹni tó jà ọ́ lólè." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Èmi náà á sì máa wò ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ti rí atẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́, Olúsànyà, tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tó sì ti fọwọ́ sí i pé àwòrán ìyàwó òun kò ní di ti òun. Ẹni tí kò ní ìtàn tàbí orúkọ kankan tó lè so mọ́ àwòrán náà ni.

Ní gáréèjì Òṣòdì, ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Fúnmiláyọ̀ dúró ti Olúyínká lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ náà.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Má bi mí bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n tẹ̀lé yín dé Àkúrẹ́."

"Tí o bá tẹ̀lé mi, Felix á ní mo jí òǹkọ̀wé òun." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi. Máa jẹun."

"Fúnmi, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni?" ni ìyá rẹ̀ pariwo láti inú ọkọ̀.

Olúyínká kò rí ibòmíràn lọ. Ó padà sídìí iṣẹ́ Felix. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kọ obìnrin kan tó dúró, tó ń wo Ọlálérè bó ṣe ń lọ.

Táòfíkì gbórí sókè. "Ọ̀gá, báwo lojú obìnrin yìí ṣe rí?"

Olúyínká la ẹnu. Ó mọ ojú náà dé ibi tí ó ti máa ń rọ́ tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Jẹ́ kó kọ̀yìn sí wa."

"Kí ló dé, sà?"

"Ojú yẹn kì í ṣe tiwa."