Má Wò Ó Tààrà

Ọjọ́ tí Tinúadé kọ́kọ́ rí Awóníyì, ìwé àwòrán ọjà ló bo ọkùnrin náà lójú. Dókítà tuntun ni, ọmọ Ìpetumodù, olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀. Tinúadé ló ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ ẹ̀ka wọn, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì jọ yan awò ìràwọ̀ tí wọ́n máa rà.

"Èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá jù nìyí, sà. Ẹ jẹ́ ká mú un."

"Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ wò ò kéré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ò tó nǹkan. Awò ẹlẹ́nu gbòòrò ni mo ń wá. Bójò bá ń rọ̀ tó o fẹ́ gbomi, ṣé ife lo máa gbé síta ni àbí báàfù?"

Tinúadé rẹ́rìn-ín. "Fílítà yìí ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn ló ń dá iná títì dúró bí asẹ́ ṣe ń dá eèrí ògì dúró. Ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá."

Nígbà tí awò náà dé, òjò ti parí, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ. Gbogbo àdúgbò ń ṣépè, àwọn méjì yìí ń dúpẹ́.

"Mi ò rí nǹkan kan, Dókítà."

"Má wò ó tààrà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o máa wò, á yọ."

Tinúadé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun funfun kan yọ bí èéfín. "Mo ti rí i!"

"Kíákíá báyìí? Ó pẹ́ kí èmi tó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Wọ́n ti kọ́ mi nílé. Ṣé ọmọ tí a kọ́ máa ń wo àgbà lójú ni?"

Awóníyì rẹ́rìn-ín títí ó fi di awò mú. Ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi pè é lọ sí Gúúsù Áfíríkà. "Bá mi lọ, Tinú mi. Láìsí ẹ, òkùnkùn ibẹ̀ á pọ̀ jù fún mi."

"Ohun tí ìyá mi bá sọ ni, Dókítà mi."

Bàbá Tinúadé ti kú, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Nígbà tí àwọn ẹbí Awóníyì wá tọrọ rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀ ní Ilare, ìyá ní, "Ó lè bá a lọ. Mo fọwọ́ sí i." Ṣùgbọ́n ó kọjú sí ògiri bó ṣe ń sọ ọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni Tinúadé ti mọ̀ ọ́n: bí àlejò bá fún un lẹ́ran, ìyá á ní, "Gbà á," ojú ìyá á sì ní kò gbọdọ̀ gbà á. Kò gbà á rí. Kò gba Awóníyì náà.

Ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ, Awóníyì ní, "Wò mí o, Tinú." Èjìká rẹ̀ ni Tinúadé ń wò títí mọ́tò fi lọ.

Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó ń nu eruku ara awò náà lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Lọ́dún kejì, wọ́n gbọ́ pé Awóníyì ti gbéyàwó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ń bó ẹ̀gúsí, ó ní, "Kí ló dé gan-an tó ò fi tẹ̀lé ọmọ yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ojú kọ̀ fún mi, Màmá. Ẹ kọjú sí ògiri."

Ọwọ́ ìyá dúró. "Èmi kẹ̀? Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mi ò fẹ́ kó o rí i, kó o má baà torí mi dúró."

Tinúadé ń wá ojú Awóníyì lọ́kàn, kò rí i. Ó fa igbá ẹ̀gúsí sọ́dọ̀, ó ń bó o. Kò pẹ́ tí ojú náà fi rọra yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fírífírí, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀.

Kò gbójú sókè. Ó mọ̀ pé bóun bá wò ó tààrà, á lọ.