Ojú Tí Moṣọpẹ́ Pa Rẹ́

"Èmi ni mo yà á," ni Bàbá Adédìran wí, ó sì gbé àpótí páànù náà lé Moṣọpẹ́ lọ́wọ́.

Irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń gbé oúnjẹ lọ sílé-ìwé láyé àtijọ́ ni. Àwòrán bọ́ọ̀sì pupa kan wà lára rẹ̀, ọmọ kún inú bọ́ọ̀sì náà fọ́fọ́. Moṣọpẹ́ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí orúkọ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Dagenham ní London ni wọ́n bí i sí, kì í sì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

"Bàbá, orúkọ yín ńkọ́?"

"Iléeṣẹ́ tó ń ṣe àpótí ò jẹ́ kí àwa ayàwòrán kọ orúkọ. Àmọ́ mo fi ara mi síbẹ̀. Wá a, wàá rí i. Tọ́jú ẹ̀ o, òun nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́."

Ìdánwò ló gbé Moṣọpẹ́ dé ilé Bàbá. Tíṣà ní kí kálukú pàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán àdúgbò kan, kó sì kọ ìtàn rẹ̀; nígbà tí Bàbá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní iṣẹ́ tòun rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dárasími ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí àpótí náà, ṣe ló yọ ṣùtì.

"Abeg, bàbá yẹn ń parọ́. Charity shop tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní Heathway ló ti rà á, innit."

Ohun tí ọkàn Moṣọpẹ́ ti ń sọ náà nìyẹn. Bàbá tó ń tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ta ló gbọ́ ọ rí pé ó ń yàwòrán? Ó tún àpótí náà wò fínnífínní. Ọmọ dúdú kan ń yọjú ní fèrèsé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ìlà tín-ín-rín mẹ́ta sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Wò ó, nǹkan ti ha á," ni Moṣọpẹ́ wí. "Àlòkù ni lóòótọ́."

Kò fẹ́ kí tíṣà rí i bẹ́ẹ̀. Ó rẹ òwú sínú omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, ó fi ra á. Ìlà náà lọ, ojú ọmọ náà sì bá a lọ. Ẹ̀rù bà á, ó gbé àpótí náà pamọ́.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ nílé-ìwé, kò rí iṣẹ́ mìíràn gbé wá, ó gbé àpótí náà sórí tábìlì. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Oòrùn kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, Moṣọpẹ́ sì rí pélé mẹ́ta níbi tó ti ń rò látọjọ́ yìí pé ara tó hunjọ lásán ni. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Bàbá na ìka sí fèrèsé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Páànù tó ń dán ló bá níbẹ̀.

"Ibí yìí ni mo wà," ó rọra wí. "Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún."

Dárasími ń ṣẹ́jú sí Moṣọpẹ́ pé kó ní ọ̀dà náà ti bó tẹ́lẹ̀. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo pa á rẹ́. Mo rò pé ẹ̀ ń parọ́, mi ò sì bi yín."

Bàbá ti àpótí náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kọ ìyẹn síbẹ̀," ó wí.

Moṣọpẹ́ kọ ọ́ sórí ìwé tó tẹ́ sábẹ́ àpótí náà: "Adédìran ló ya àwòrán yìí. Ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé ẹ̀yìn kí n tó pa á rẹ́."

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, wọ́n sì tún ní abéèrè kì í ṣìnà. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni Moṣọpẹ́ mú lò. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gba ojú yẹn là.