Ìkookò Tó Lẹ́wà Jù

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ti kún dẹ́nu. Àwọn tó ń ṣa idà àtijọ́ jọ ti dé láti ìlú gbogbo, wọ́n ń fi èjìká gbún ara wọn láàárín àwọn tábìlì tí wọ́n to idà, ọ̀bẹ olójú méjì àti ìbọn ìléwọ́ tó ń fi òkúta ṣáná sí. Merle Brangs gbé idà ọdẹ kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bó ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ojú rẹ̀ àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lódìkejì gbọ̀ngàn ṣe mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà kò wo idà. Merle ló ń wò.

Merle yáa gbójú kúrò. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó báyẹn. Láti ìdájí ló ti jí, tó fọ egbò ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, tó gún un lábẹ́rẹ́, tó sì ru àpótí idà wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bí àgbàlagbà tó ti oko dé.

Àwọn méjì péré ló kù nílé. Àrùn àtọ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú Volkmar bàbá rẹ̀ tán, ó sì ti pa orí ìka ọwọ́ rẹ̀ kú. Síbẹ̀, ní Solingen, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idà nílẹ̀ Jámánì, bí Volkmar Brangs bá kọ ìwé ẹ̀rí fún idà kan pé báyìí ni ọjọ́ orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tún béèrè mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ojú Merle ló fi ń ríran, èékánná Merle ló fi ń yẹ irin wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó idà." Ọmọkùnrin yẹn ti dé iwájú tábìlì pẹ̀lú ife kọfí méjì.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ní kọfí?"

"Ojú rẹ ló bẹ̀ mí. Ó ti ń sùn lọ."

"Ta nìyẹn?" Bàbá béèrè láti orí àga tó jókòó sí lẹ́yìn tábìlì.

"Oníbàárà ni, Bàbá."

"Oníbàárà tó ń gbé kọfí kiri? Kó gbé tèmi náà wá. Kó má fi ṣúgà sí i o."

Lennart Voss lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀bẹ pípọ́n nílé iṣẹ́ kan létí odò Wupper. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti Merle fi ń rìn létí odò náà. Á di ọwọ́ Merle mú, á gbóòórùn rẹ̀, á ní òróró irin tó wà níbẹ̀ dùn ju lọ́fínńdà lọ. Merle á sọ pé òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí bẹ́ẹ̀dì, á gbé ọwọ́ yẹn síbi imú, oorun á sì gbé e lọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Lennart gbé idà kan wá nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Idà àtijọ́ ni lóòótọ́. Lára irin rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìkookò kan, wọ́n sì fi idẹ dí i, irú àmì tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà máa ń fi sára idà gidi láyé ọjọ́un. Ìkookò yìí létí méjì, ìrù rẹ̀ rí jọ̀ọ̀lọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

Merle tẹjú mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ìkookò tó bá jọ ìkookò, ẹ fura sí i." Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kò ráyè ọ̀ṣọ́. Wọ́n á kàn fi irin gé e wàìwàì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì dà bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó fa èékánná rẹ̀ kọjá lórí idẹ náà. Ó há. Idẹ tó bá ti pẹ́ kì í há èèyàn léèékánná, nítorí nínù ọ̀pọ̀ ọdún á ti mú un dọ́gba pẹ̀lú irin.

"Lennart, ta ló gbẹ́ eléyìí?"

"Ṣé idà yẹn kì í ṣe ti àtijọ́ ni? Àmì nìkan ni mo fi kún un. Àwọn baba ńlá wa pàápàá, ìlú ẹlòmíì ni wọ́n ti wo ìkookò yẹn kọ́."

"Bàbá mi ò ní kọ̀wé sí i."

"Bàbá rẹ ò ríran, Merle. Ohun tó o bá sọ ló máa kọ. Tí mo bá tà á, mo lè gba yàrá ní Köln, ká jọ kúrò níbí. Àbí egbò lo fẹ́ máa fọ̀ títí ayé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó ń dùn ún. Ó gbé idà náà lọ sílé.

Bàbá fi ìka tó ti kú tọ́ irin náà wò. "Ìkookò wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Èékánná rẹ há?"

"Rárá, ó ń yọ̀."

"Ó jọ ìkookò?"

Merle tún wo ìkookò náà. "Ó jọ ewúrẹ́, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ewúrẹ́ Solingen. Gbé bírò wá." Merle di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà yẹ̀ lórí ìlà, Bàbá sì kọ ìwé náà tán.

Ọ̀gbẹ́ni Eickhoff ló ra idà náà lọ́wọ́ Lennart, olùkọ́ tó kọ́ Merle ní ìtàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wá idà oníkookò. Kò tilẹ̀ wo idà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé Volkmar nìkan ló kà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Merle kò tó oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n tún pàtẹ idà nínú gbọ̀ngàn náà, Ọ̀gbẹ́ni Eickhoff gbé idà rẹ̀ wá kí gbogbo ayé wá wò ó. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, Ìyáàfin Odenthal, fa èékánná lórí ìkookò.

"Ó há. Idẹ yìí ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ta ló kọ ìwé ẹ̀rí yìí?"

Gbogbo ojú yí sí tábìlì Volkmar. Bàbá di etí tábìlì mú, ó dìde.

"Èmi ni. Ojú mi ló tàn mí jẹ. Ẹ má bi ọmọ yìí léèrè nǹkan kan."

Merle jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Lennart ló kọ̀wé láti òdìkejì gbọ̀ngàn: "Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi." Ohun tó kọ kò ju ìyẹn lọ.

Títí ọ̀sán fi rọ̀, ẹnikẹ́ni kò dúró nídìí tábìlì wọn. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá ti bírò rẹ̀ sínú dúróò. "Kò séwu," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀."

Ìyẹn gan-an ló fọ́ Merle lọ́kàn. Ó jókòó nílẹ̀ ilé ìdáná, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, láti orí kọfí dé orí ewúrẹ́. Bàbá ti àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo gbọ́ ọ tí ohùn rẹ gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn," ló sọ. "Mo rò pé ó rẹ̀ ọ́ ni. Ó yẹ kí n béèrè."

"Kí n lọ sọ fún gbogbo wọn?"

"Ẹni tó ra idà ni kó o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Má fi ránṣẹ́. Fẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ lẹ́tà náà kó tó dára. Ó dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ìkookò, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣáájú. Ní ọjọ́ Sátidé, ó rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gbẹ́ni Eickhoff lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè tẹ aago. Baba arúgbó náà ṣílẹ̀kùn, kò ní kó wọlé.

"Bàbá rẹ ló rán ọ?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo wá. Bàbá mi ò jẹ̀bi. Ohun tí mo sọ fún un ló kọ."

Ọ̀rọ̀ ti yé Merle báyìí. Orúkọ tí bàbá fi ogójì ọdún kọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ tó láti wó o. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn wa dénú kò ní sọ pé ká fi ojú afọ́jú ṣe èrè jẹ.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i. Ọ̀gbẹ́ni Eickhoff wò ó títí, ó sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀.