Èémí Nínú Ilé Onítáyà

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ẹnu obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì wà nínú tèmi títí tó fi sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá wù kó gbà á, ẹni tí kò bá wù kó fi sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, tòun ti ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìwẹ̀. Ilé onítáyà ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ilé tí kò bá ti lè rìn, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyàwó ló ń fi tipátipá mú un lo oògùn, tó ń lé e lọ sùn, ìdí nìyẹn tí ọkọ fi ń pè é ní Ṣọ́jà.

Àìsàn kan ló ń bá ọkùnrin náà fínra. Bó bá ti sùn wọra, èémí rẹ̀ á dúró. Dókítà wá fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà wọ ìbòmú. Ṣùgbọ́n àwọn bátìrì olómi tó ń gbé iná ilé náà ti gbó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n á ti kú. Ẹ̀rọ á dákẹ́, Ṣọ́jà á fò dìde, á máa gbọn ọkọ rẹ̀ jìgìjìgì. Ó ti pẹ́ tí oorun ti kọ obìnrin náà sílẹ̀.

Ni wọ́n bá pinnu láti pààrọ̀ wọn sí lítíọ̀mù, bátìrì ìgbàlódé tí kì í tètè kú. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wáyà ló gba iṣẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, ó tú àwọn bátìrì olómi kúrò lábẹ́ àga ẹnu ọ̀nà, ó tò wọ́n síta sórí páálí. Ó já wáyà sólà tó ń gba iná oòrùn wọlé. Ó fi tépù wé ẹnu gbogbo wáyà. Ó wá fi ọwọ́ kan gbé lítíọ̀mù sókè.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ó fúyẹ́ bí ìrọ̀rí."

"Ṣé bátìrì wà nínú ẹ̀ ṣá?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu wọn tí Ṣọ́jà fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ èémí nínú ọkọ̀.

Hùùù. Hààà.

"Wáyà, o ti so iná ni?"

"Rárá o, Màmá. Kò síná kankan nínú ọkọ̀ yìí."

Hùùù. Hààà.

Wọ́n wọlé. Oòrùn ń ta níta, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tutù bí ilẹ̀ kànga. Ìbòmú wà lórí ìrọ̀rí. Rọ́bà rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Àárín ìrọ̀rí náà tẹ̀ wọnú, bí ẹni pé orí wà níbẹ̀. Wáyà fa okùn ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri, ó mú un dání.

Hùùù. Hààà.

"Ṣọ́jà," ni ohùn kan wí lórí ibùsùn. "Pa ilẹ̀kùn. Òtútù ń mú mi."

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ sì rèé lẹ́yìn rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ohùn mi nìyẹn."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Ẹ dákẹ́ ná."

Wáyà ti sá jáde síta. Ṣọ́jà rọra sún mọ́ ibùsùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ìbòmú náà pa. Ẹ̀rọ dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ gbá ọrùn ara rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀ gbì. Ojú rẹ̀ yí. Ètè rẹ̀ dúdú.

Ṣọ́jà yọwọ́ kíá. Ẹ̀rọ mí. Ọkọ náà mí.

"So bátìrì yẹn kí ẹ̀rọ má baà dúró!" ni Ṣọ́jà kígbe. "Wáyà, jọ̀ọ́, so ó!"

Wáyà sáré ti lítíọ̀mù sábẹ́ àga ẹnu ọ̀nà. Ó so ó, ó sì ki okùn ẹ̀rọ padà sára ògiri. Iná ẹ̀rọ tàn. Èémí náà wá ń lọ geere.

Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnì lè pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ta ló tó pa á? Ẹ̀ẹ̀kan ni Ṣọ́jà dán an wò, díẹ̀ ló kù kó di opó. Orí àga awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń sùn sí báyìí, láìfi nǹkan kan bomú, èémí rẹ̀ kì í sì í dúró mọ́. Lẹ́yìn ọkọ̀, lórí ibùsùn, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn fún ẹni tí kò sí. Dókítà ní ara ọkùnrin náà ti yá. Wáyà kì í gbé fóònù wọn mọ́. Lítíọ̀mù ò sì já wọn kulẹ̀ rí. Wọ́n ní ó lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Ṣọ́jà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń ká aṣọ. Ó dáwọ́ dúró. Ó tẹ́tí. Èémí méjì ló ń jáde nínú ìbòmú. Ọ̀kan wúwo. Èkejì fúyẹ́, bíi ti obìnrin.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu àti imú ara rẹ̀. Ó sé èémí.

Èyí tó fúyẹ́ dákẹ́.

Ó ń dúró dè é kó tún mí.