Ta Ló Ń Yọ Òjé Ara Ríìmù Tuntun?

Òjé mẹ́rin tún ti dàwátì. Òkéwùmí ti ọwọ́ bọ inú ríìmù, ó wá a títí, kò rí nǹkan kan. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì!

Ní Adjamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, lọ́dún 1991, bí táyà bá ń gbọ̀n, Òkéwùmí ọmọ Ìgbòho ni wọ́n ń gbé e wá bá. Òun ló ní ẹ̀rọ tó ń yí táyà wò láti mọ ibi tó ti fúyẹ́. Ibẹ̀ ni yóò lẹ òjé mọ́, kí ó lè máa yí déédéé. Ṣùgbọ́n Peugeot 505 Alàgbà Olútóyè yìí fẹ́ sọ ọ́ di aláìmọ̀ṣẹ́. Ríìmù alumíníọ́mù tuntun, táyà tuntun, ẹ̀rọ ní ó pé. Kó dé títì, kó wọ quatre-vingts, ọgọ́rin kìlómítà, báyìí, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Kò sí àwíjàre mọ́," ni Alàgbà wí. "Karim tó ń fọ mọ́tò mi ló ń yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pẹja ní Anoumabo, òjé ni wọ́n sì ń so mọ́ àwọ̀n. Lọ́la ni mò ń wa mọ́tò yìí lọ Cotonou. Tó bá fi di seize heures, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí mi ò mọ olè, commissariat, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ni Karim máa sùn."

Àbúrò Ràmílátù, ìyàwó Òkéwùmí, ni Karim. Òun gan-an ló bẹ Alàgbà kí ó gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá mú un, ojú wo ni yóò fi wo Ràmílátù nílé?

Ó pe Karim sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Wò mí lójú. Ṣé o yọ ọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, wàláì, mi ò yọ nǹkan kan! Ìta ríìmù ni mo ń fọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé òjé wà nínú."

Òkéwùmí ò lè dúró lójú kan. Ó sọdá lọ bá Marcel tó ń ta táyà lódìkejì.

"Marcel, àbí ìwọ lo fẹ́ kí oníbàárà mi sá wá bá ọ?"

Marcel bú sẹ́rìn-ín. "Tonton, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Alumíníọ́mù sì nìyẹn, kò ní ṣàì ha. Ṣé ó ha?"

Òkéwùmí sáré padà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ríìmù. Kò sí ibi tó ha. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹnikẹ́ni ò yọ òjé yìí. Ó jábọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ó fi ìka ra ibẹ̀. Ó ń yọ̀. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àbí bíréèkì ló ń jò? Ó gbóòórùn ìka rẹ̀: lọ́fínńdà! Bíréèkì wo ló ń sun lọ́fínńdà? Ó yẹ táyà mẹ́ta yòókù wò. Ìlà méjì náà wà lára gbogbo wọn.

Ó di ilé Alàgbà. Níbi tí mọ́tò máa ń dúró sí nínú ọgbà, ó rí òjé kan nílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ pé, òróró ló bò ó.

Pélagie, ìyàwó Alàgbà, ọmọ Kétu, gbé omi wá fún un. Bó ti ń gba ife, òórùn kan náà jáde lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ìyá, ta ló máa ń kọ́kọ́ débi mọ́tò láàárọ̀?"

"Èmi ni. Mo máa ń gbàdúrà sí i kó tó jáde."

"Ṣé ẹnu nìkan lẹ fi ń gbà á?"

Alàgbà ti jáde sí wọn. Pélagie nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó jẹ́wọ́.

"Òróró àdúrà ni mo ń fi sí i. Ríìmù irin àtijọ́ ò ní àyè tí ọwọ́ ń gbà. Ti tuntun yìí ní. Mo na ọwọ́ wọlé, mo fi ya àgbélébùú sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo àárọ̀ tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ń fi sí i. Ojú ọ̀nà Cotonou ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí!"

"Ìyá, òòlù la fi ń kan òjé mọ́ etí ríìmù irin. Ti alumíníọ́mù, lílẹ̀ ni, gọ́ọ̀mù kì í sì í mú lórí òróró. Èmi náà jẹ̀bi. Àkísà gbígbẹ ni mo fi ń nù ún bíi ti àtijọ́. Ká ní mo fi epo pẹtiróò fọ̀ ọ́ ni, ǹ bá ti mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Pélagie ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọwọ́ èmi yìí ni ì bá pa ọkọ mi?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi epo pẹtiróò fọ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lẹ òjé tuntun, wọ́n wà á dé Anyama, wọ́n sì padà. Sítíárìn ò mira.

"Níbo ni kí n wá máa fi òróró mi sí?" ni Pélagie bi í.

"Orí ẹni tó ń wà á ni, ìyá."

Alàgbà wá yíjú sí Karim tó dúró ti mọ́tò. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Karim, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ṣì ọ́ rò."

Karim gbé garawa àti kànìnkànìn síwájú rẹ̀. "Mo ti forí jì yín, Alàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọ̀ ọ́." Ó sọdá títì. Òkéwùmí wò ó lọ, kò lè pè é padà.